Ojú Ìbọn Tó Ń Yẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ Kí A Tó Dá Awò Lẹ́bi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, ní oko wa lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ìbòkun, mo fi ìbọn afẹ́fẹ́ mi yin ọta márùn-ún sí ara páálí kan tí mo gbé ti òkìtì ilẹ̀, mo sì rìn lọ wò ó. Ihò márààrún ṣù jọ débi pé ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lè bò wọ́n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ṣù jọ sí fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ojú àmì, ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, bẹ́ẹ̀ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo tọ́ ojú ìbọn náà tó sì ń ba àmì gan-an. Mo dá awò tó wà lẹ́yìn ìbọn lẹ́bi. Mo ra awò mìíràn, ojú ìbọn tún yẹ̀. Mo ra ẹ̀kẹta, ó tún yẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọdẹ ní Òkè-Baálẹ̀ gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi, tó di iwájú igi rẹ̀ mú, tó sì mì í díẹ̀, ni mo tó gbọ́ ìró kan, kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi èékánná kan tábìlì. Ó ní, "Àbúrò, òkè lo ń wò, ìsàlẹ̀ ló ti tú." Síkúrù méjì tó so irin ìbọn mọ́ igi rẹ̀ ti tú tó ìlàjì ìyí kan, kò sì sí awò kankan láyé tó lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn.

Owó awò méjì ni ẹ̀kọ́ yìí ná mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn yóò fi lè tọ ipa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìná tó bẹ́ẹ̀. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó ki í, tí sípírìǹgì ńlá inú rẹ̀ máa ń ti písítìn, tí písítìn sì ń ti afẹ́fẹ́ lé ọta nídìí. Ọ̀pọ̀ lára wa tó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ kúrò lóko ló ní irú rẹ̀. Awò ni mo pe ohun tí a gbé lé ẹ̀yìn ìbọn láti fi sún ọ̀nà jíjìn mọ́ra, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sìkóòpù. Òfin ìbọn ti Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá mọ́ ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lé lórí, nítorí náà kí ìwé yín ti wà nílẹ̀. Ẹ má sì ṣe yin ìbọn láàárín ìlú, ẹ má sì jẹ́ kí igbó tó fani mọ́ra lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun tàn yín pé ibẹ̀ dákẹ́ dáadáa fún ìdánwò: èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe nínú Igbó Ọ̀ṣun, láti ayé àwọn tó tẹ ìlú yìí dó ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdẹ erin ni Olútìméhìn, ọ̀kan lára wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí páálí kọ́kọ́ fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn yín. Ẹ wá ibi tí òkìtì ilẹ̀ tàbí àpò iyanrìn wà lẹ́yìn àmì, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn mítà 20, tàbí kí ẹ fi tépù àwọn télọ̀ wọn okùn kan tí ẹ óò máa lò nígbà gbogbo, nítorí pé ìwọ̀n tí kò dúró lójú kan kò lè sọ bóyá ìbọn ló yẹ̀ tàbí ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ rọ iyanrìn sínú àpò kékeré kan, ẹ gbé ọwọ́ òsì lé e, kí ẹ sì gbé iwájú igi ìbọn lé ọwọ́ yẹn. Ọta márùn-ún ni kí ẹ yìn sí àmì kan, kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, nítorí pé ihò kan ṣoṣo lè jẹ́ àṣìṣe ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ sinmi fún bí ìdajì wákàtí, ẹ yin márùn-ún mìíràn sí àmì kejì láìfọwọ́ kan orí ìyí awò rárá, ìyẹn kọ́ọ̀bù òkè àti ti ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń tọ́ ojú ìbọn, kí ẹ sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, jíjìn àti irú ọta sí ẹ̀gbẹ́ páálí kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn bíi pé kí wọ́n kàn yí orí ìyí lójú ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti rí i pé ọta ń lọ sí òsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa ẹ̀rí rẹ́ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi mẹ́rin ni ohun tí ẹ lè rí lára páálí wọ̀nyẹn. Bí ihò bá ṣù jọ dáadáa ní àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n sì wà ní ojú kan náà, ṣùgbọ́n tí ojú náà kì í ṣe ibi tí ẹ tọ́ ìbọn sí lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jẹ́ pé ohun kan ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ìbọn wà nípamọ́ tàbí nígbà tí ẹ ń gbé e kiri, ó sì ti dúró báyìí. Bí ihò bá ṣù jọ ní àmì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí ìṣùjọ kejì sún díẹ̀ kúrò ní ojú ti àkọ́kọ́, tí ẹ̀kẹta tún sún sí i ní apá kan náà, a jẹ́ pé ohun kan ń yọ́ rìn bí ẹ ti ń yìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé awò ló ń rìn lẹ́yìn ìbọn. Bí ihò bá pín sí ojú méjì, tí díẹ̀ ṣù síbí tí díẹ̀ sì ṣù sọ́hùn-ún, ẹ fura sí inú awò, tàbí sí ọ̀pá ìbọn tí kì í padà sí ojú kan náà nígbà tí ẹ bá pa á dé. Èyí tó kù ni ìtúká, tí ihò kò ní ojú kan pàtó; ìyẹn lè wá láti ara ọta, láti ọwọ́ ẹni tó ń yìn, láti ara síkúrù igi, tàbí láti inú awò tó ti fọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ibi tí kò ná ni ní kọ́bọ̀ náà ni síkúrù igi. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn àti pé ẹ kò ká sípírìǹgì rẹ̀. Kí ẹ má sì ṣe ti ìka bọ ẹnu ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́ bí ìbọn bá wà ní kíká, nítorí pé bí tìrígà bá ṣèèṣì yọ̀, ọ̀pá yóò padà pẹ̀lú agbára tó lè gé ìka. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́, síkúrù méjì ló máa ń wà ní iwájú igi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ẹyọ kan tàbí méjì sì tún máa ń wà nísàlẹ̀, níbi irin tó yí tìrígà ká. Gbogbo ìgbà tí písítìn bá sáré lọ síwájú ni ìbọn ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, síkúrù wọ̀nyí ni gbígbọ̀n yẹn sì kọ́kọ́ ń bá jà. Bí wọ́n bá tú, irin ìbọn yóò máa jókòó sínú igi ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yìn ín, gbígbọ̀n rẹ̀ yóò máa yàtọ̀ kí ọta tó jáde, ojú ìbọn yóò sì máa yẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ohun tó ń mì.

Ẹ wá sukudíráfà tí ẹnu rẹ̀ kún ojú síkúrù náà dáadáa, nítorí pé èyí tó bá kéré yóò jẹ ojú síkúrù, ẹni tó bá sì rí ìbọn náà lẹ́yìn ìyẹn yóò mọ̀ pé ọwọ́ òpè ti kàn án. Ẹ tú síkúrù kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ṣe tú gbogbo wọn pọ̀. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nu òróró kúrò lára eyín rẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán kan ṣoṣo lára oje ìdísíkúrù aláwọ̀ búlúù sí i, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà ń lò, kí ẹ sì dá a padà. Mo tẹnu mọ́ búlúù nítorí pé pupa wà, pupa náà sì le débi pé iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ kí síkúrù tó lè tú. Gọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń lẹ bàtà kì í sì í ṣe nǹkan tí ẹ máa fi sí ibẹ̀ rárá. Ẹ di síkúrù náà títí yóò fi dúró, kì í ṣe títí igi yóò fi ké. Bí igi bá ti rún lábẹ́ orí síkúrù, tí orí náà ń rì wọlé díẹ̀díẹ̀, dídi kò ní ràn án; ẹ gbé e lọ bá káfíńtà kí ó fi wáṣà oníkọ́ọ̀pù sí abẹ́ rẹ̀, kí irin lè máa tẹ irin. Ẹ jẹ́ kí oje náà gbẹ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó yìn ín.

Lẹ́yìn síkúrù igi, ẹ yọjú sí ibi tí awò jókòó sí. Ilà méjì ni wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́, mìlímítà 11 sì ni ìbú wọn sábà máa ń jẹ́. Ojú irin ni èmi ń pè é, nítorí pé ọmọ ìlú tí rélùwéè gba àárín rẹ̀ kọjá ni mí. Òrùka awò, ìyẹn irin tó yí awò ká tó sì dì í mú, ló ń fi ẹnu gbá ojú irin yìí mú. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ìbọn onísípírìǹgì ni pé ọ̀nà méjì ló ń gbà ta ẹni tó ń yìn ín: bí písítìn bá ti sáré síwájú, ìbọn a ta padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí písítìn bá ti kọlu òpin ilé rẹ̀, ìbọn a tún fò síwájú lójijì. Ìfò kejì yìí ló burú jù. Ìbọn ti lọ síwájú, awò tó wúwo lókè kò tíì fẹ́ lọ, nítorí náà awò a yọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀n ìrun kan nínú ìyìn kan, títí yóò fi di ohun tí ojú lè rí. Ìdí kan náà ni awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ọlọ́tàá ńlá fi lè fọ́ sára ìbọn afẹ́fẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti awò náà: ìbọn ńlá, ẹ̀yìn nìkan ló ń ta sí, a kò sì mọ inú awò náà fún títa síwájú. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó wà fún ìbọn onísípírìǹgì, kí ẹ sì wò ó lára páálí rẹ̀ fúnra yín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé awò ń rìn, ẹ yá ìkunkànnà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé. Èmi lo pupa ti ọmọbìnrin mi, ó sì gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ mi kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹnu igi ìṣáná fa ìlà tín-ínrín kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ara òrùka tí yóò sì parí sí ara ojú irin, ẹ fa òmíràn láti ara òrùka sí ara awò fúnra rẹ̀, ẹ sì fa ọ̀kan sí orí síkúrù igi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ yin ọta ogún. Bí ìlà bá ti ṣẹ́ ní àárín, tí ìdajì rẹ̀ kò bá ìdajì kejì ṣe déédéé mọ́, ẹ ti mú olè náà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo ohun èlò tí wọ́n ń tà lọ, nítorí pé kò nílò ojú tó mú, kì í sì í parọ́.

Láti tún un ṣe, ẹ tú awò kúrò, ẹ fi sípíríìtì nu ojú irin àti inú ẹnu òrùka títí aṣọ funfun yóò fi jáde ní funfun. Òróró tí a fi ń dènà ìpata gan-an ló ń jẹ́ kí òrùka yọ̀. Ẹ wo bóyá ihò kékeré kan wà lórí ojú irin lápá ẹ̀yìn. Bí ó bá wà, ẹ ra òrùka tó ní ìṣó kékeré lábẹ́, kí ìṣó náà bọ́ sínú ihò, nítorí náà awò kò ní rí ọ̀nà rìn sẹ́yìn mọ́. Òrùka alápapọ̀, tó jẹ́ irin kan ṣoṣo láti iwájú dé ẹ̀yìn, dúró ju òrùka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá ń di síkúrù òkè òrùka, ẹ di wọ́n ní ìdábùú, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ẹ bá ń di nọ́ọ̀tù táyà mọ́tò, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba. Apá kúkúrú álẹ́nkíì ni kí ẹ fi ọwọ́ mú, ìka méjì péré ni kí ẹ sì fi fà á. Ẹni tó bá lo gbogbo apá rẹ̀ yóò fún awò mọ́ra débi pé ohun tó ń rìn nínú rẹ̀ kò ní lè rìn mọ́.

Kí a tó dé inú awò, ìdánwò kan wà tí kò gba ohunkóhun, bí ìbọn yín bá bá ìfojúsùn tirẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́, ìyẹn irin kékeré iwájú àti ti ẹ̀yìn tí a fi ń wo àmì láìlo awò. Ẹ yọ awò, ẹ fi ìfojúsùn yẹn yin ọta márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta bí ti àkọ́kọ́. Ìṣùjọ yóò tóbi díẹ̀ nítorí pé ojú ènìyàn kì í ṣe awò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró ní ojú kan náà, awò tàbí òrùka rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí àwọn náà bá ń rìn kiri, ara ìbọn ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì fi owó awò sápò. Ká ní mo mọ èyí lọ́dún yẹn ni.

Inú awò wá kàn. Oríṣi ẹ̀bi kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi awò gan-an. Ọ̀pá ìbọn tí a ń ṣẹ́ sábà máa ń tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ní iwájú, nítorí náà ọta ń lọ sí ìsàlẹ̀, ẹni tó ni ín yóò sì máa yí orí ìyí sókè, sókè, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin rẹ̀. Sípírìǹgì wẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú awò tó ń ti ọ̀pá inú lọ́hùn-ún mọ́ ẹnu orí ìyí; bí orí ìyí bá ti jáde tán, sípírìǹgì yìí a ti nà tán, kò ní lágbára láti di nǹkan mú mọ́, àgbélébùú inú awò, ìyẹn ìlà méjì tó dábùú ara wọn tí a fi ń fojú sun àmì, yóò sì máa jókòó síbi tó bá wù ú. Ẹ yí orí ìyí òkè láti òpin kan dé òpin kejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa ka ìró rẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́; ẹ pín iye náà sí méjì, kí ẹ sì dá a padà sí àárín. Bí ẹ bá rí i pé ibi tí ẹ ti ń lò ó jìnnà réré sí àárín yẹn, ẹ gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara ìgò omi, ẹ fi sí abẹ́ awò nínú òrùka ẹ̀yìn, kí ìdí awò lè ga díẹ̀, ọta yóò sì gòkè láìjẹ́ pé ẹ yí ohunkóhun. Ìpele kan tàbí méjì péré. Bí ó bá gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, òrùka tí wọ́n ṣe fún ọ̀pá títẹ̀ ló yẹ kí ẹ rà, kí ẹ má baà tẹ ara awò wọ́.

Láti dán awò fúnra rẹ̀ wò, ẹ yin ọta mẹ́ta sí àárín páálí ńlá kan. Ẹ yí orí ìyí ẹ̀gbẹ́ sí ọ̀tún ní kẹ́ ogún, ẹ yin mẹ́ta. Ẹ yí ti òkè sókè ní kẹ́ ogún, ẹ yin mẹ́ta. Ẹ dá a padà sí òsì ní ogún, ẹ yin mẹ́ta. Ẹ dá a padà sísàlẹ̀ ní ogún, ẹ yin mẹ́ta ìkẹyìn. Àmì kan náà ni kí ẹ máa fojú sùn ní gbogbo ìgbà. Ìgun mẹ́rin ló yẹ kí ẹ rí lára páálí, kí mẹ́ta ìkẹyìn sì bọ́ sórí mẹ́ta àkọ́kọ́. Awò tí kò bá padà sílé lẹ́yìn ìrìn yìí, tí òrùka rẹ̀ le, tí orí ìyí rẹ̀ sì wà ní àárín, ti kú, mo sì gbà kí ẹ ra òmíràn.

Nǹkan kan tún wà tó fara jọ ojú tó yẹ̀, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìbọn ka orí àpò iyanrìn kí ó dúró fúnra rẹ̀, ẹ wo inú awò, kí ẹ wá rọra gbé orí yín sókè, sísàlẹ̀, sí ọ̀tún, sí òsì. Bí àgbélébùú bá ń rìn lára àmì bí orí yín ti ń rìn, a ti ṣètò awò náà fún jíjìn tó ju èyí tí ẹ ń lò lọ. Ọ̀pọ̀ awò ìbọn ńlá ni wọ́n ṣètò fún nǹkan bíi mítà 91, bẹ́ẹ̀ mítà 20 ni ẹ wà. Bí awò yín bá ní òrùka iwájú tàbí kọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ fún un, ẹ yí i sí 20. Bí kò bá ní, ẹ kọ́ láti máa gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ibì kan náà lórí igi ní gbogbo ìgbà. Ẹlòmíràn a fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà tí ó ká sórí igi kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè máa mọ ilé rẹ̀.

Nípa ọ̀pá ìbọn, ẹ ṣẹ́ ẹ sílẹ̀ dé ìdajì kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: ó yẹ kí ó dúró síbẹ̀, kí ó má ṣe já wálẹ̀ bí apá ọmọlangidi. Ẹ tún gbìyànjú láti mì í sí ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá ń mì, bọ́ọ̀tì tó so ó ní oríkèé ti tú, ẹ dì í. Ẹ nu ìdọ̀tí kúrò níbi tí ọ̀pá ti ń há mọ́ ara ìbọn, kí ẹ sì wo òrùka rọ́bà tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ègé bébà ìnùdí lé ibi tí ọ̀pá ti pa dé, tí bébà náà sì fò nígbà tí ẹ yìn ín, afẹ́fẹ́ ń jò, ọta yóò sì máa lọ sísàlẹ̀. Ohun tó ń dín ariwo kù ní ẹnu ìbọn, bí ó bá wà, kò gbọdọ̀ tú.

Òróró ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan a máa da òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí ihò afẹ́fẹ́ kí ìbọn lè "le". Ó máa ń le lóòótọ́, nítorí pé òróró náà ń gbiná nínú rẹ̀. Ẹ óò rí èéfín, ẹ óò gbọ́ ìró tó ṣe pàá, òórùn òróró jíjó yóò sì jáde. Agbára ọta kọ̀ọ̀kan yóò yàtọ̀ sí ti èkejì, ojú ìbọn kò ní dúró, sípírìǹgì àti rọ́bà rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ láìpẹ́. Ìbọn tuntun náà lè rú èéfín díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí òróró ilé iṣẹ́, ẹ ní sùúrù fún un kí ó jẹ ọta bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan kí ẹ tó pè é ní aláìsàn. Bí ẹ bá fọ inú ọ̀pá, ẹ fa aṣọ láti ìdí lọ sí ẹnu, kí ẹ sì mọ̀ pé ọta mẹ́wàá sí ogún àkọ́kọ́ lẹ́yìn fífọ̀ lè máà bá ojú mu.

Ọta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ti mìlímítà 4.5 àti ti 5.5 ló wọ́pọ̀, inú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì tún ní fífúyẹ́ àti wíwúwo. Bí ẹ bá tọ́ ojú ìbọn pẹ̀lú agolo kan, tí ẹ wá ra agolo mìíràn tí ìwúwo rẹ̀ yàtọ̀, ojú yóò yẹ̀, ìbọn kò sì ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ yọ àwọn tí ìdí wọn ti tẹ̀ sọnù.

Ọwọ́ ẹni tó ń yìn ṣe kókó ju bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti fẹ́ gbà lọ. Ìbọn onísípírìǹgì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ọta tó jáde ní ẹnu rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá dì í mú ṣinṣin lónìí, tí ẹ dì í mú jẹ́jẹ́ lọ́la, ojú méjì ni yóò ní. Ẹ gbé e bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́ tó ń sùn: àtẹ́lẹwọ́ òsì ní ṣíṣí lábẹ́ igi, láìfi ìka há a, èjìká kàn fara kàn án, kí ó lè ta bó ti fẹ́. Ibì kan náà ni kí àtẹ́lẹwọ́ máa wà. Èmi fi ìkunkànnà kan náà fi àmì sí i. Ẹ má ṣe gbé ìbọn lé ẹ̀ka igi tàbí ojú fèrèsé, ẹ má sì ṣe gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ohunkóhun, nítorí pé ọta yóò sá fún ohun líle náà.

Ní Òṣogbo wa níbí, ojú ọjọ́ náà ń dá sí i. Igi ìbọn kì í gbàgbé pé igi ni òun. Láàárín òjò, títí dé oṣù Ògọ́ọ̀sì tí a ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun, igi a máa fa omi, a sì wú. Bí ọyẹ́ bá ti dé, a gbẹ, a sún kì, síkúrù tó há nígbà òjò a wá dẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi gan-an nìyẹn. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, mo máa ń wo ìlà pupa orí síkúrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fi ìbọn sínú búùtù mọ́tò tó wà nínú oòrùn, ẹ má sì ṣe dì í sínú ọ̀rá nígbà òjò, nítorí pé ìpata yóò bá a níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ohun tó yẹ̀ tí ẹ sì ti tún un ṣe, ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọta márùn-ún láàárín ọ̀kan sí èkejì kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́, ẹ wá tọ́ ojú ìbọn. Ẹ yin márùn-ún, ẹ wá àárín ìṣùjọ wọn, ẹ fi rúlà wọn bó ti jìnnà sí àmì sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ẹ sì wọn ti ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀. Awò tí wọ́n kọ 1/4 MOA sí lára (MOA ni ìwọ̀n ìgun kékeré tí a fi ń ka bí awò ṣe ń sún ọta) máa ń sún ọta ní nǹkan bíi mìlímítà kan àti ààbọ̀ fún kẹ́ kan ní mítà 20. Bí ìṣùjọ bá fi mìlímítà 30 wà nísàlẹ̀, kẹ́ ogún sókè ni. Ẹ yí i, ẹ yin ọta méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí awò lè jókòó, lẹ́yìn náà kí ẹ tó tún yin márùn-ún sí àmì. Ẹ gbé ìbọn lọ sílé, ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó jẹun nítorí òjé ni ọta, ẹ sì padà sí oko ní ọjọ́ kejì láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Márùn-ún àkọ́kọ́ ọjọ́ kejì yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí wọ́n bá bọ́ sí ibi tí ti àná bọ́ sí, ẹ kọ ọjọ́ náà sí ìwé, ẹ fi ìkunkànnà fa ìlà tuntun, kí ẹ sì dá ìgò náà padà fún ẹni tó ni ín.